Aṣòfin ìpínlẹ̀ kú ní Amẹ́ríkà: kí la fi ń bu ọlá fún un gan-an?

Olùbéèrè

Aṣòfin ìpínlẹ̀ kan papòdà ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì rẹ̀ sì ní kí ẹgbẹ́ wa bá wọn kọ ìwé ìpinnu ìdárò tí wọ́n máa kà nínú ilé. Gbogbo irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí mo kà, bákan náà ni wọ́n ń dún: "olùfọkànsìn", "akínkanjú", "òpómúléró". Tẹ́ ẹ bá yọ orúkọ olóògbé kan kúrò, tẹ́ ẹ fi ti ẹlòmíì rọ́pò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣé ìwé yìí tiẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni? Àbí ká kúkú bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì kan, kọ́rọ̀ tán síbẹ̀?

* * *

Akọ̀wé Àgbà

Ó wúlò. Ìwé tí ilé bá ti dìbò gbà, inú àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé ló ń wọ̀, ibẹ̀ ló sì máa wà nígbà tí ojú-ewé ìpolongo ìbò olóògbé bá ti pa rẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń wádìí iṣẹ́ rẹ̀ ní ogójì ọdún sí i, ìwé yìí wà lára ohun tó máa kọ́kọ́ bá pàdé. Tó bá jẹ́ "akínkanjú, òpómúléró" ló kún inú rẹ̀, ọwọ́ òfo ni olúwarẹ̀ máa bá lọ.

Kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà. Ìpínlẹ̀ mẹ́rin wà, Texas, Montana, Nevada àti North Dakota, tí ìjókòó gbogbogbòò wọn kì í wáyé lọ́dọọdún. Ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba nìkan ni wọ́n ń jókòó: Texas fún ogóje (140) ọjọ́, Nevada fún 120, Montana fún 90, North Dakota fún 80. Aṣòfin Texas tó bá kú ní oṣù keje ọdún 2025, oṣù kìíní ọdún 2027 ni ìjókòó gbogbogbòò tó tún kàn, àfi tí gómìnà bá pe ìjókòó pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò mọ èyí. Wọ́n á máa rò pé ilé ti gbàgbé èèyàn wọn, bẹ́ẹ̀ ilé ò sí ní ìjókòó ni. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba lẹ́tà ìbánikẹ́dùn lọ́wọ́ abẹnugan fún ọjọ́ ìsìnkú, kẹ́ ẹ sì fi ìwé ìpinnu sílẹ̀ de ìgbà tí ilé bá wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ irú ìpinnu tẹ́ ẹ fẹ́. Èyí tó jẹ́ ti ilé kan ṣoṣo, ilé tí olóògbé jókòó sí nìkan ló ń dìbò sí i, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ gómìnà. Ìyẹn ló máa ń yá jù. Èyí tó jẹ́ ti ilé méjèèjì gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ilé kejì kọjá, ní Texas ó tún ń lọ sórí tábìlì gómìnà fún ìbuwọ́lù. Tí ìsìnkú bá ti sún mọ́lé, ẹ má dán ti ilé méjèèjì wò.

* * *

Ìyá Àkọsílẹ̀

Mo fara mọ́ ohun tí Akọ̀wé wí, àmọ́ ibi tó ń bà jẹ́ jù ni mo fẹ́ dúró lé: inú àwọn gbólóhùn "Níwọ̀n bí".

Ìwé ìpinnu ní apá mẹ́ta. Orí rẹ̀ sọ nọ́ńbà ìwé àti ẹni tó gbé e wá. Ara rẹ̀ ni àwọn gbólóhùn tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Níwọ̀n bí", tó ń sọ ìdí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni "Nítorí náà, ilé pinnu pé", tó ń sọ ohun tí ilé ṣe. Orí àti ẹsẹ̀ kì í sábà níṣòro, ọ́fíìsì tó ń bá ilé kọ òfin ti ní bátànì wọn. Ara ló kù sí yín lọ́wọ́.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Níwọ̀n bí olóògbé ti ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà fún àwọn aráàlú." Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ kò sọ nǹkan kan. Ẹ wá fi wé ohun tá a lè kọ nípa Sẹ́nétọ̀ Clementa Pinckney ti South Carolina, tí wọ́n yìnbọn pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Emanuel, ní Charleston, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015: "Níwọ̀n bí wọ́n ti dìbò yàn án sí ilé aṣojú lọ́dún 1996 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 23, tí wọ́n sì yàn án sí ilé àgbà lọ́dún 2000, Níwọ̀n bí ó ti dìde nínú ilé lọ́dún 2015, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá kan yìnbọn pa Walter Scott ní North Charleston, tó rọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gba òfin tó máa mú kí ọlọ́pàá máa gbé kámẹ́rà sára, Níwọ̀n bí òfin náà ti gba ìbuwọ́lù gómìnà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ikú rẹ̀." Kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá kà á á mọ irú èèyàn tó kú.

Ẹ kíyè sí i pé "rọ̀" ni mo kọ, mi ò kọ "ṣe òfin". Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀pọ̀ ìwé ti ń ṣubú. Aṣòfin lè jẹ́ ẹni tó gbé àbádòfin wá gan-an, ó lè jẹ́ ẹni tó kàn fọwọ́ sí i pẹ̀lú àwọn ẹlòmíì, ó lè sọ̀rọ̀ lé e lórí, ó sì lè jẹ́ pé ìbò lásán ló dì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàtọ̀ síra. Tẹ́ ẹ bá kọ "ó gbé e wá" fún ohun tó kàn fọwọ́ sí, ẹni tó gbé e wá lóòótọ́ lè wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà, tó ń gbọ́ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yin ẹlòmíì. Ó lè má sọ̀rọ̀ torí òkú wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe yín ti wọnú àkọsílẹ̀ ìjọba.

* * *

Ọmọ Òfin

Ìyá wa, ẹ forí jì mí, àmọ́ mi ò gbà pé iye àbádòfin la fi ń mọ iṣẹ́ aṣòfin. Ẹ wo Melissa Hortman ti Minnesota, tí wọ́n pa pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ nílé wọn ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2025. Abẹnugan ilé ni láti 2019 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ìsinmi olówó fún ẹni tó bá ń tọ́jú ìdílé, iná mànàmáná tí kò gbọ́dọ̀ tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde mọ́ tó bá fi máa di 2040: inú ọdún 2023 kan ṣoṣo ni gbogbo ìyẹn di òfin. Tẹ́ ẹ bá wo ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí àwọn àbádòfin ńlá wọ̀nyẹn, àwọn ẹlòmíì lẹ máa rí. Abẹnugan kì í sábà gbé irú wọn wá fúnra rẹ̀, òun ló ń to ọjọ́ tí wọ́n máa dìbò àti ẹni tí wọ́n máa lọ bẹ̀ kó tó dìbò.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 70, àwọn alátakò ní 64 nínú ilé aṣojú nígbà náà. Ní ilé àgbà, 34 sí 33 ni. Ìyẹn ni pé tí ẹnì kan ṣoṣo bá yẹ̀ ní ilé àgbà, àbádòfin ti kú. Ká kó ilé jọ lórí irú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ ni, kò sì sí nínú àkójọ àbádòfin. Báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀?

* * *

Ìyá Àkọsílẹ̀

Ọmọ Òfin, ìwọ alára ti kọ ọ́ tán. Iye ìbò tó o kà sílẹ̀ yẹn, 70 sí 64 àti 34 sí 33, ni kó wà nínú gbólóhùn náà pẹ̀lú ọdún tó fi jẹ́ abẹnugan àti àwọn òfin tí ilé gbà lábẹ́ rẹ̀. "Ilé tó darí gbà" ni kó o kọ, má kọ "ó ṣe". Ohun tí mo ń bá jà kì í ṣe ẹni tí àbádòfin rẹ̀ kò pọ̀. Ìyìn tí kò ní ẹ̀rí ni.

* * *

Olùbéèrè

Ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n ìdílé ní kí a má mẹ́nu kan ìbò kan tó dì tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Ṣé ká gbà fún wọn?

* * *

Akọ̀wé Àgbà

Ẹ gbà fún wọn. Ìwé ìdárò kì í ṣe ilé ẹjọ́. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ máa jókòó sórí bálíkónì ilé, wọ́n máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó bá le koko, àwọn oníròyìn àti òpìtàn á kọ ọ́ síbòmíì.

* * *

Ọmọ Òfin

Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí ni ọ̀nà wa ti yà. Ẹ jẹ́ ká dá a sí ọ̀nà méjì, torí kì í ṣe ohun kan náà.

Àkọ́kọ́ ni ìbò tí olóògbé dì tó dun àwọn tirẹ̀. Hortman yẹn kan náà: ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2025, ilé fi ìbò 68 sí 65 gba àbádòfin tó fòpin sí ètò ìlera ìpínlẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí kò ní ìwé ìgbélùú. Òun nìkan ló dìbò bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé aṣojú, torí láìsí ìbò yẹn, àdéhùn ètò ìṣúná á túká, ìjọba ìpínlẹ̀ sì lè tì pa. Ẹkún ń bọ̀ lójú rẹ̀ nígbà tó ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórí ìbò náà. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á. Ẹni tó bá fẹ́ fi irú ìbò bẹ́ẹ̀ pa mọ́ torí ó korò ti gé ohun tó wúwo jù nínú ìtàn náà sọnù. Ó mú àdéhùn ṣẹ, ó sì mọ ohun tó máa ná òun. Ìdílé lè má fẹ́ ẹ lóòótọ́, ọ̀rọ̀ wọn sì tó gbọ́, àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi gbólóhùn náà hàn wọ́n bó ṣe máa rí lórí ìwé kí wọ́n tó sọ pé rárá. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù máa ń burú ju ohun tẹ́ ẹ kọ lọ.

Èkejì ni àṣìṣe tí ilé fúnra rẹ̀ ṣe sí olóògbé. Lórí èyí, mi ò rò pé ilé ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́. Julian Bond, aláwọ̀ dúdú kan, wọlé ìbò sí ilé aṣojú Georgia lọ́dún 1965. Ní oṣù kìíní 1966, ilé náà fi ìbò 184 sí 12 kọ̀ láti jẹ́ kó búra, torí ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ sọ lòdì sí ogun Vietnam. Àwọn aráàlú tún dìbò yàn án, ilé tún kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá 1966, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé ilé rú ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀. Ó wọlé ní oṣù kìíní 1967, ó wà ní ilé aṣojú títí di 1975, ó sì wà ní ilé àgbà títí di 1987. Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ 2015.

Ìwé ìdárò tó bá sọ pé "ó sin Georgia fún ogún ọdún", tí kò sọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ọdún kìíní, irọ́ ló pa, bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

* * *

Akọ̀wé Àgbà

Lórí èkejì, mo gbà. Ilé tó ṣẹ̀ ló yẹ kó kọ ọ́. Lórí àkọ́kọ́, mo ṣì dúró ti ìdílé: ọ̀rọ̀ wọn ló gbọ́dọ̀ lékè, kódà tí wọ́n bá rí gbólóhùn náà tán tí wọ́n ṣì kọ̀ ọ́.

* * *

Ìyá Àkọsílẹ̀

Ọ̀rọ̀ Georgia yìí rán mi létí àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀: "òun lẹni àkọ́kọ́". Ẹni àkọ́kọ́ nínú ìran rẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́, ọ̀dọ́ jù lọ. Ìlà yìí ni àwọn ìdílé fẹ́ràn jù, òun náà ló sì máa ń jẹ́ irọ́ jù.

Ní Georgia, àwọn kan máa ń kọ̀wé bí ẹni pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó wọlé ní àwọn ọdún 1960 ni àkọ́kọ́ nílé aṣòfin. Rárá o. Wọ́n ti yan àwọn aláwọ̀ dúdú síbẹ̀ ní 1868. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni àwọn aláwọ̀ funfun inú ilé lé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jáde nítorí àwọ̀ wọn, Henry McNeal Turner wà lára wọn. Ọdún 1870 ni wọ́n dá wọn padà. Ère kan wà nínú ọgbà ilé ìjọba ní Atlanta tí John Riddle ṣe fún ìrántí wọn lọ́dún 1978. Orúkọ rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìfi bò: "Wọ́n lé wọn nítorí àwọ̀ wọn." Ọgọ́rùn-ún ọdún àti mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn ni ère náà tó dúró. Nígbà tí Leroy Johnson wọ ilé àgbà lẹ́yìn ìbò 1962, òun lẹni àkọ́kọ́ láti 1907. "Láti 1907" yẹn ló mú kí gbólóhùn náà jẹ́ òótọ́.

Nítorí náà, tí ìdílé bá ní "ẹni àkọ́kọ́", ẹ lọ bá ọ́fíìsì akọ̀wé ilé tàbí ilé ìkàwé ìpínlẹ̀. Wọ́n ní àkójọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: ta ló ṣáájú rẹ̀, ó sì di ọdún wo? Tí ìdáhùn bá ṣòro, ẹ yọ "àkọ́kọ́", ẹ kọ ọdún tó wọlé.

Àwọn kéékèèké tó kù tí mo máa ń rí: ọjọ́ ìdìbò àti ọjọ́ ìbúra kì í ṣe ọjọ́ kan náà. Ẹni tó wọlé ní oṣù kọkànlá 2010 sábà máa ń búra ní oṣù kìíní 2011, tẹ́ ẹ bá sì da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, iye ọdún iṣẹ́ rẹ̀ á yí. Nọ́ńbà ẹkùn ìdìbò máa ń yí padà lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá, ẹni tó wà nílé fún ogún ọdún lè ti ṣojú nọ́ńbà méjì tàbí mẹ́ta láìkó kúrò nílé rẹ̀ rárá. Orúkọ àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ènìyàn méjì nínú ìdílé kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tí ìyàwó àkọ́kọ́ bí ni ìwé máa ń gbàgbé.

* * *

Olùbéèrè

Wọ́n tún ń bi mí nípa àsíá. Ṣé ilé ló máa ní kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìdajì òpó?

* * *

Akọ̀wé Àgbà

Gómìnà ni. Òfin àsíá Amẹ́ríkà fún gómìnà láṣẹ kó pàṣẹ pé kí wọ́n ta àsíá orílẹ̀-èdè sí ìdajì òpó tí aláṣẹ ìpínlẹ̀ rẹ̀ kan bá kú, yálà ẹni náà ṣì wà lórí ipò tàbí ó ti kúrò níbẹ̀. Lẹ́tà ọ́fíìsì abẹnugan sí ọ́fíìsì gómìnà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí orúkọ kíkún, ọdún iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsìnkú wà nínú rẹ̀, kí àṣẹ náà lè bá ọjọ́ mu.

Títa rẹ̀ náà ní ìlànà. Wọ́n á kọ́kọ́ fà á dé ṣóńṣó òpó kó kan òkè, kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé ìdajì. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún fà á dé ṣóńṣó kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pátápátá. Tí wọ́n bá fi bo pósí, apá aláwọ̀ búlúù tó ní ìràwọ̀ máa wà ní ìhà orí, ní èjìká òsì olóògbé. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ sínú sàréè, kò sì gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Àsíá ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ìdílé fún ìsìnkú, nítorí iṣẹ́ ológun ni, kì í ṣe nítorí ipò aṣòfin. Tí olóògbé bá ti ṣe sójà rí, fọ́ọ̀mù 27-2008 ni kí ìdílé kọ, ẹni tó ń bójú tó ìsìnkú ló sábà máa ń bá wọn ṣe é. Tí kò bá ṣe sójà, ẹ ra àsíá tàbí kẹ́ ẹ ní kí ọ́fíìsì fi ọ̀kan ta yín lọ́rẹ.

* * *

Ọmọ Òfin

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ àsíá o. Nígbà tí Pinckney kú, wọ́n sọ àsíá Amẹ́ríkà àti ti ìpínlẹ̀ kalẹ̀ dé ìdajì lórí ilé ìjọba ní Columbia, olú-ìlú South Carolina. Àsíá àwọn tó jagun láti má ṣe fi ẹrú sílẹ̀ wà níwájú ilé yẹn kan náà, ó sì wà ní ṣóńṣó òpó rẹ̀. Òfin ọdún 2000 ló so ó mọ́bẹ̀, ó ní àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé pósí rẹ̀ wá, ó gba iwájú àsíá yẹn kọjá, wọ́n sì gbé e wọ gbọ̀ngàn ilé ìjọba káwọn èèyàn lè wá wò ó. Wọ́n ta aṣọ dúdú bo fèrèsé ńlá tó kọjú sí àsíá náà kí ẹni tó bá dúró ti pósí má bàa máa rí i. Aṣọ dúdú mìíràn wà lórí tábìlì rẹ̀ nínú ilé àgbà. Aṣọ méjì nínú ilé kan, ọ̀kan fún ọ̀wọ̀, ọ̀kan fún ìtìjú. Ní oṣù keje, ilé àgbà gbà kí àsíá náà kúrò, ilé aṣojú sì fi ìbò 94 sí 20 gbà. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje 2015, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Fún èmi, ìyẹn ju ìwé ìpinnu lọ.

* * *

Olùbéèrè

Ìyẹn ló dá mi padà sí ìbéèrè mi. Títì ńkọ́?

* * *

Akọ̀wé Àgbà

Títì lè wáyé, àmọ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń tọrọ. Ní California, ìpinnu ilé méjèèjì ni wọ́n fi ń sọ apá kan ọ̀nà márosẹ̀ lórúkọ olóògbé. Ìwé náà máa ń ní gbólóhùn kan pé ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀nà máa rì pátákó mọ́lẹ̀ nígbà tí owó rẹ̀ bá ti pé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ìjọba. Tó túmọ̀ sí pé ilé lè dìbò lónìí, kí pátákó má dúró títí tí ẹ̀yin fi máa dáwó. Àdírẹ́sì àwọn tó ń gbé ẹ̀bá ọ̀nà ò yí, nọ́ńbà ọ̀nà ò yí. Kẹ́ ẹ tó lọ bẹ aṣòfin kankan, ẹ ti mọ ẹni tó máa san owó pátákó, kẹ́ ẹ sì mọ ibi tí apá ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, torí wọ́n máa kọ méjèèjì sínú ìwé.

* * *

Ọmọ Òfin

Àwọn kan ní kí ẹ fi orúkọ rẹ̀ sọ òfin dípò títì. Ìyẹn dára tí òfin náà bá máa kọjá. Ní South Carolina, wọ́n fi orúkọ Pinckney sọ àbádòfin tó fẹ́ fi kún ìyà ẹni tó bá hùwà ọ̀daràn nítorí ìkórìíra. Ilé aṣojú gbà á lọ́dún 2021. Ilé àgbà, níbi tí ọkùnrin náà jókòó sí fún ọdún mẹ́rìnlá, kò dìbò lé e lórí. Ilé aṣojú tún gbà á lọ́dún 2023, ilé àgbà kò tún dìbò. Ó ń dunni. Orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé tí àwọn tó bá a jókòó kò fẹ́ ṣí. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi orúkọ olóògbé yín sórí àbádòfin, ẹ ka ìbò. Tí kò bá pé, ẹ mú àbádòfin tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ láìparí, kẹ́ ẹ wá ẹni nínú ilé tó máa gbé e padà wá. Ẹ ò tiẹ̀ nílò orúkọ lórí rẹ̀.

* * *

Ìyá Àkọsílẹ̀

Ohun tí kò ná owó náà wà. Àwọn ọmọ Hortman méjèèjì kọ ìwé síta lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn gbin igi, kí wọ́n lọ sí ọgbà ìtura tó wà nítòsí wọn, kí wọ́n fọwọ́ pa ajá lórí, kí wọ́n ṣe búrẹ́dì ní ìrántí bàbá wọn tàbí kéèkì ní ìrántí ìyá wọn, kí wọ́n sì pín in, kí wọ́n dìde fún òdodo àti àlàáfíà. Nígbà tí pósí àwọn méjèèjì wà ní gbọ̀ngàn ilé ìjọba ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, Melissa ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba irú ọlá bẹ́ẹ̀ ní Minnesota. Eérú Gilbert, ajá wọn tí wọ́n yìnbọn fún lọ́jọ́ kan náà, wà níbẹ̀ nínú ìkòkò kékeré. Ìdílé ló mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ilé aṣòfin kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ bi wọ́n. Tí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo tó rí báyìí, ẹ fi sí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú àwọn "Níwọ̀n bí".

* * *

Olùbéèrè

Ẹnì kan tó fẹ́ dupò tí olóògbé fi sílẹ̀ ní kí orúkọ òun wà lára àwọn tó máa gbé ìwé náà wá. Ó ní òun ló sún mọ́ ọn jù.

* * *

Akọ̀wé Àgbà

Tí kì í bá ṣe ọmọ ilé, kò lè gbé e wá rárá, ọmọ ilé nìkan ló ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ṣe ìdìbò láti fi dí àlàfo, àwọn mìíràn máa ń yan ènìyàn síbẹ̀. Ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, iṣẹ́ náà máa ń yára bẹ̀rẹ̀. Hortman kú ní oṣù kẹfà, ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n dìbò fún ipò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé ti di 67 sí 66 nítorí ikú rẹ̀. Nínú irú ìgbà bẹ́ẹ̀, orúkọ olùdíje lórí ìwé ìdárò máa sọ ọ́ di ìwé ìpolongo. Ẹ ní kí ẹni tó bá jókòó tì í gbé e wá, kí ọmọ ẹgbẹ́ alátakò kan sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn ló ń fi hàn pé ilé lápapọ̀ ló ń ṣọ̀fọ̀.

* * *

Olùbéèrè

Mo ti ní gbólóhùn mẹ́tàdínlógún. Ṣé ó pọ̀ jù?

* * *

Ìyá Àkọsílẹ̀

Ó pọ̀. Ẹ dín in sí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kó lè wà lójú ìwé kan tí wọ́n á fi férémù sí fún ìdílé. Ìbí àti ẹ̀kọ́, gbólóhùn kan péré. Iṣẹ́ tó ṣe kó tó dé ilé, ọ̀kan. Iṣẹ́ ilé, mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Ìdílé, ọ̀kan. Ohun kékeré tí ìdílé sọ, ọ̀kan. Àwọn tó kù, ẹ má jù wọ́n nù: ẹ fún ẹni tó máa sọ̀rọ̀ nínú ilé lọ́jọ́ náà. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sínú àkọsílẹ̀, wọ́n á wà níbẹ̀.

* * *

Akọ̀wé Àgbà

Kẹ́ ẹ sì béèrè tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n máa kà á láti òkè délẹ̀ ni, àbí orí rẹ̀ nìkan. Tí ọjọ́ bá kún, orí nìkan ni wọ́n máa ń kà, ìdílé tó ti ọ̀nà jíjìn wá á sì rò pé wọ́n fojú di wọ́n. Ní ilé aṣojú Texas, gbogbo ọmọ ilé ló ń dìde dúró láti fi dìbò sí ìwé ìdárò, ẹ sọ èyí fún ìdílé ṣáájú kí wọ́n lè mọ ohun tó ń lọ. Ẹ béèrè iye àga tí wọ́n máa yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹ kọ sínú ẹsẹ̀ ìwé náà iye ẹ̀dà tẹ́ ẹ fẹ́ àti ẹni tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí, torí ohun tí kò bá sí níbẹ̀, akọ̀wé ilé lè má tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èyí tó kù ni pípe orúkọ. Ẹ kọ orúkọ olóògbé sórí bébà kékeré ní sílébù-sílébù, bí ìdílé ṣe ń pè é, kì í ṣe bí ìwé ìròyìn ṣe ń pè é. Ẹ fún ẹni tó máa kà á láàárọ̀ ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ sì ní kó pè é sí yín létí lẹ́ẹ̀mejì kó tó gun orí pèpéle.